Ta Ni Yóò Sanwó Okùn Íntánẹ́ẹ̀tì Dé Ẹnu Ọ̀nà? Owó Ìjọba, Festac àti Àwọn Erékùṣù Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Ojú pópó, omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná ní Nàìjíríà, owó ìlú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ti bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní ti okùn àti òpó tí ó ń gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti owó láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn lónìí, ìjọba ti ṣe bí oníbodè ayé àtijọ́ fún ogún ọdún ó lé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kọjá, ó sì fi ríru ẹrù sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ètò tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2024, láti ri okùn 90,000 kìlómítà mọ́lẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè, ni ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé tí ìjọba ń fẹ́ padà wọ inú iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n tí ó tóbi bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí aráàlú bi í ni ibi tí okùn náà yóò parí sí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni owó ti máa ń tán.

Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibi tí ó yẹ láti dúró sí wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn àdúgbò tí owó ìjọba hàn nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ láti fi gba àlejò nígbà àjọ̀dún àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún aráàlú, àbójútó ìlú náà sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ilé gbígbé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FHA. Wọ́n ti fi ọgbọ́n yàwòrán rẹ̀: àwọn ọ̀nà ńlá láti First Avenue dé Seventh Avenue, àwọn ọ̀nà olónọ́ńbà tí ó ya láti ara wọn, àti àwọn kílóòsì tí ilé wọn kọjú sí ara wọn. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún omi, wọ́n sì tún gbẹ́lẹ̀ fún ẹ̀gbin inú ilé, èyí tí ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó kò tíì ní títí di òní. Kò sí ẹni tí ó lè dá àwọn ayàwòrán ìlú ìgbà náà lẹ́bi pé wọn kò ronú kan okùn íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó yí padà lẹ́yìn ìgbà náà ni pé nígbà tí àkókò tó láti gbẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìjọba kọ́ ni ó mú ṣọ́bìrì.

Kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí wọ́n ń pè ní brọ́ọ̀dùbáǹdì. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára dé ìwọ̀n kan, tí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń tan án kí ó tó wá, ni wọ́n fi orúkọ náà pè. Ìwọ̀n yìí ń yí padà bí ayé ṣe ń lọ. Nínú ètò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ṣe fún brọ́ọ̀dùbáǹdì, láti ọdún 2013 sí 2018, èyí tí ìgbìmọ̀ tí Ernest Ndukwe àti Jim Ovia jọ darí kọ sílẹ̀ nígbà tí Ọmọ́bọ́lá Johnson jẹ́ mínísítà, mẹ́gábíìtì kan àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó. Mẹ́gábíìtì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń ṣàn pọ̀ tó nínú okùn. Nínú ètò kejì, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n gbé e sókè sí mẹ́gábíìtì 25 fún ìlú ńlá àti 10 fún ìgbèríko, wọ́n sì fojú sùn ún pé nígbà tí ọdún 2025 bá fi máa parí, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Nàìjíríà yóò máa lò ó, pẹ̀lú dátà gígábáìtì kan tí iye owó rẹ̀ kò ní ju 390 Náírà lọ. Ètò àkọ́kọ́ bá àfojúsùn tirẹ̀, tí ó jẹ́ ìdá 30. Ti ètò kejì kò rí bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 44 ó lé díẹ̀ ni àjọ NCC, tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, kéde. Ní ti 390 Náírà, ẹni tí ó bá ra dátà ní àná mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dé ọwọ́ ènìyàn jẹ́ ìrìn-àjò tí ó ní ìpele, owó ìpele kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ìpele àkọ́kọ́ wà lábẹ́ òkun. Láti ọdún 1886 ni okùn tẹligíráàmù ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n okùn ìgbà tiwa, tí wọ́n ń pè ní fáíbà, jẹ́ fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kọjá. SAT-3 ni ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, lọ́wọ́ NITEL tí í ṣe ilé-iṣẹ́ ìjọba. Nítorí pé òun nìkan ni ó wà, owó rẹ̀ ga, àǹfààní rẹ̀ kò sì tàn kálẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ó ń fẹ́ kí ìjọba dá gbogbo rẹ̀ ṣe kì í fẹ́ rántí: owó ìlú lè kọ́ ohun kan, kí aráàlú má sì rí i lò. Lẹ́yìn náà ni okùn àwọn aládàáni dé, Glo-1 àti MainOne, èyí tí Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ̀kẹ́ dá sílẹ̀ tí ó sì náni tó 240 mílíọ̀nù dọ́là láti Pọtogí dé Èkó ní ọdún 2010. WACS tẹ̀lé e ní ọdún 2012, Equiano tí Google ní sì gúnlẹ̀ ní ọdún 2022. Ìhà Victoria Island àti Lẹ́kí ni wọ́n ti ń jáde láti inú òkun. Nígbà tí mẹ́rin nínú àwọn okùn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gé nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí báńkì àti fóònù dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn okùn tí kò bá wọn gé ni ó gba Nàìjíríà là díẹ̀.

Nítorí náà, Èkó kò ní ìṣòro omi íntánẹ́ẹ̀tì ní etídò. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá kúrò ní etíkun. Ìpele kejì ni okùn ńlá tí ó ń la ìlú já lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìkẹta ni èyí tí ó yí inú ìlú ká. Ìkẹrin, tí ó kúrú jù tí ó sì nira jù, ni èyí tí ó ya wọ àdúgbò, tí ó wọ kílóòsì, tí ó dé ara ògiri ilé. Ìpín tí ó pọ̀ jù nínú owó fáíbà kò sí nínú gíláàsì náà bí kò ṣe nínú gbígbẹ́lẹ̀, bíbo ihò, títún ọ̀dà ojú pópó ṣe àti gbígba àṣẹ. Mítà kan tí wọ́n gbẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí yóò máa san owó gọbọi lóṣooṣù kò sì wọ́n ju mítà kan tí wọ́n gbẹ́ fún ilé alájà kan tí àwọn ayálégbé rẹ̀ ń ra dátà ọlọ́gọ́rùn-ún Náírà. Oníṣòwò tí ó yá owó báńkì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe kí ó má wo ìyàtọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a pè é ní ìkà nítorí rẹ̀.

Àwòrán ìyàtọ̀ náà hàn kedere lórí ilẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Apá kan wà tí ó kún fún ilé-iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Òṣòdì sí Àpápá, níbi tí àwọn agbègbè ìkẹ́rùsí àti àwọn ibi ìfipamọ́ epo ní Kirikiri kò jìnnà sí èbúté. Òde irú ibẹ̀ kì í pẹ́ rí okùn fáíbà. Apá kejì ni Festac, Agbójú àti Satellite Town, níbi tí òṣìṣẹ́, oníṣòwò ọjà Alábà àti Trade Fair tí ó wà ní Ọjọ́, ọmọ ilé-ìwé àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ń gbé. Níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì orí òpó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé, okùn tí ó wọ inú ilé sì ń tọ ibi tí owó bá wà lọ. Apá kẹta ni àwọn abúlé tí omi yí ká, Tomaro, Sagbokoji, Irede, Ibeshe àti Igbologun, níbi tí àwọn Àwórì, Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ti ń pẹja, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ gbogbo ibi tí wọ́n bá ń lọ. Lórí àwòrán ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Festac fúnra rẹ̀ ti mọ íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nígbà tí ilé tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, káfé íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní àdúgbò náà débi pé òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Ó ṣeni láàánú pé ìwà jìbìtì tí àwọn kan ń hù níbẹ̀ ni apá tí ó pọ̀ jù nínú òkìkí náà. Àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé ni irú àwọn káfé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò, owó rẹ̀ wọ́n, wákàtí ni wọ́n sì fi ń tà á fún oníbàárà. Ohun tí àwọn akọ̀wé ìròyìn kì í sábà sọ nípa ìgbà náà ni pé òun ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù pé ọjà wà fún íntánẹ́ẹ̀tì ní Festac kí okùn kankan tó dé, àti pé àwọn aráàlú ti fi owó ara wọn ṣe ohun tí kò sí nínú ètò ìnáwó ìjọba kankan.

Báwo wá ni ìjọba ṣe di ẹni tí ó ń gba owó dípò ẹni tí ó ń ná an? Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ara NITEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rúndún tuntun fi máa wọlé, nǹkan bí ìlà fóònù 400,000 péré ni ó ń ṣiṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù Kíní ọdún 2001, lábẹ́ ìjọba Ọbásanjọ́, àjọ NCC ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Àṣeyọrí ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó rántí ìlà gígùn níwájú ọ́fíìsì NITEL tí yóò fẹ́ padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìjọba ti mọ̀ pé owó wà nínú afẹ́fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ta àǹfààní láti lo ìgbì rédíò fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ìran karùn-ún, ìyẹn 5G, ilé-iṣẹ́ MTN àti Mafab san 273.6 mílíọ̀nù dọ́là, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń san owó ọdọọdún fún NCC láti inú owó tí ó wọlé fún wọn, wọ́n ń san owó orí, wọ́n sì ń san oríṣiríṣi owó fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí owó epo dísẹ́ẹ̀lì àti ti dọ́là ga, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni gbogbo ẹrù náà sọ̀kalẹ̀ sí: ní oṣù Kíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó ìpè àti dátà kún dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí irú rẹ̀ kò wáyé fún ọdún mọ́kànlá ṣáájú.

Àpò kan wà tí òfin yà sọ́tọ̀ láti dá díẹ̀ nínú owó yìí padà fún aráàlú. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 ni ó dá a sílẹ̀, USPF ni wọ́n sì ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi apá kan nínú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san ṣe ìrànwọ́ fún ibi tí oníṣòwò kò lè dá lọ kí ó sì jèrè. Ó ti ran àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láti ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìgbèríko, ó ti kó kọ̀ǹpútà lọ sí ilé-ìwé, ó sì ti ná owó sórí okùn tí ó so àwọn ọgbà yunifásítì pọ̀. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé «ìgbèríko» ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ bá, ìpínlẹ̀ Èkó sì ni ibi tí ẹnikẹ́ni yóò rò kẹ́yìn tí wọ́n bá dárúkọ ìgbèríko, tí ó fi jẹ́ pé abúlé apẹja kan tí ó ń wo iná Àpápá láti òdìkejì omi lè bọ́ sí àárín méjèèjì: ó jìnnà jù fún oníṣòwò, ó sì sún mọ́ ìlú jù fún aláàánú.

NCC tún gbìyànjú ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn ètò ọdún 2013. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn méje, wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ bí ẹkùn kan, wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ láti ri fáíbà mọ́lẹ̀ ní ẹkùn rẹ̀, lórí àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ni yóò lè yá okùn náà lò ní iye kan náà, kí ilé-iṣẹ́ márùn-ún má baà gbẹ́ ojú pópó kan ní ìgbà márùn-ún. InfraCo ni wọ́n pe irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. MainOne gba ti Èkó. Ilé-iṣẹ́ tí ó jáde láti ara Odù'a, àjọ ìdókòwò tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá jọ ni, gba ti ìyókù Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Ìjọba yóò fi owó ìrànwọ́ ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Nínú gbogbo ìgbìyànjú Nàìjíríà, èyí ni ó bá ọgbọ́n mu jù, òun náà sì ni ó dunni jù, nítorí pé ìwé àṣẹ jáde, ariwo sì jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbérasọ bí wọ́n ti là á sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ náà kò kúrò lórí tábìlì.

Ọ̀nà kan wà tí ìjọba fi lè ran íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀, ìyẹn ni kí ó dín owó tí ó ń gbà kù. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ri okùn gbọ́dọ̀ san owó àṣẹ ìgbẹ́lẹ̀, mítà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà fẹnu kò sí 145 Náírà fún mítà kan; kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi kọtí ikún sí àdéhùn náà, tí wọ́n ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èkìtì wà lára wọn, ó ń gba 4,500 Náírà, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí dá a padà sí 145. Kwara tilẹ̀ sọ ọ́ di Náírà kan fún odidi kìlómítà kan. Ìpínlẹ̀ tí kò rí owó púpọ̀ gbà lọ́wọ́ fáíbà tẹ́lẹ̀ kò pàdánù púpọ̀ tí ó bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń fẹ́ gbẹ́lẹ̀.

Ní Festac, ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí tún ní ìdí mìíràn tí ó fi ta kókó. FHA ti ìjọba àpapọ̀ ni ó ni àbójútó ìlú náà. LASIMRA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ń ṣàkóso okùn àti òpó, ní àṣẹ tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà kì í gbà kí wọ́n fo òun. Àwọn ẹgbẹ́ onílé sì ní géètì tí wọ́n ń tì ní alẹ́ àti ọ̀nà tí wọ́n fi owó ara wọn tún ṣe, tí wọn kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ wú lásán. Ẹni tí ó fẹ́ gbé okùn láti First Avenue dé inú kílóòsì kan lè kan ilẹ̀kùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó kan ilẹ̀. Ìjọba Èkó lábẹ́ Gómìnà Sanwó-Olú ti gbìyànjú láti tú kókó yìí: láti ọdún 2020 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbẹ́ páìpù kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ yóò jọ máa fa okùn wọn gbà, 6,000 kìlómítà lápapọ̀, 3,000 ní ìpele àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó aládàáni tí yóò gba owó rẹ̀ padà lára ìyálò. Ìpínlẹ̀ fi àṣẹ sílẹ̀, aládàáni fi owó sílẹ̀. Ó yá ju kí á máa retí Àbújá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba owó rẹ̀ padà lára ìyálò yóò kọ́kọ́ gba ibi tí àwọn ayálò pọ̀ sí.

Ìyá ọ̀rọ̀ wà lára gbèsè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá tilẹ̀ náwó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yáwó ni ó sábà jẹ́. Wọ́n gbé sátẹ́láìtì NigComSat-1 lọ sí òfuurufú láti Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, wọ́n sì gbé òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń jẹ́ Galaxy Backbone, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ń ri fáíbà láti so àwọn ọ́fíìsì ìjọba pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ 328 mílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú Huawei fún ìpele kejì rẹ̀, owó Ṣáínà sì ni wọ́n yá. Ọ́fíìsì ìjọba ni àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kọ́kọ́ wà fún. Ará Festac tí ó bá ń gbọ́ pé orílẹ̀-èdè jẹ gbèsè nítorí fáíbà lè béèrè èwo nínú rẹ̀ ni ó kọjá níwájú ilé òun.

Ètò ọdún 2024, tí Mínísítà Bọ́sún Tìjání kéde ní oṣù Karùn-ún lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Project BRIDGE ni wọ́n pè é. Nàìjíríà ní nǹkan bí 35,000 kìlómítà fáíbà nílẹ̀ nígbà náà. Ètò náà yóò fi 90,000 kún un kí ó di 125,000. Ilé-iṣẹ́ tuntun kan ni yóò kọ́ ọ tí yóò sì ni ín: ìpín ìjọba kò ní ju ìdá 49 lọ, ti àwọn aládàáni yóò jẹ́ 51, Báǹkì Àgbáyé sì wà lára àwọn tí wọ́n retí ẹ̀yáwó lọ́wọ́ wọn, tó 500 mílíọ̀nù dọ́là nínú nǹkan bí bílíọ̀nù méjì tí wọ́n ṣírò. Ìpín 49 yìí ní ìtumọ̀: ìjọba ti rí ohun tí NITEL dà, kò sì fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà di ibi tí òṣèlú yóò ti máa yan ọmọ rẹ̀ sípò, síbẹ̀ ó fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu ibi tí okùn yóò gbà. Bóyá ẹni tí ó ní 49 lè fi agbára mú ẹni tí ó ní 51 lọ sí ibi tí èrè kò sí, ìwé àdéhùn nìkan ni ó lè sọ.

Tógò, tí ó kéré sí ìpínlẹ̀ Èkó ní iye ènìyàn, ti gbé irú ìgbésẹ̀ yìí ṣáájú. Nígbà tí okùn Equiano gúnlẹ̀ ní Lọmé ní oṣù Kẹta ọdún 2022, èyí tí ó jẹ́ ìgúnlẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á sílẹ̀, CSquared Woezon, jẹ́ ti aládàáni àti ti ìjọba Tógò pọ̀, ìpín ìjọba sì kéré sí ti aládàáni, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti yá a lò. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2021 ya bílíọ̀nù dọ́là 42.45 sọ́tọ̀ láti gbé brọ́ọ̀dùbáǹdì dé ibi tí kò tíì dé, ohun tí ó sì yẹ kí Nàìjíríà fi ṣe àríkọ́gbọ́n nínú rẹ̀ kì í ṣe iye owó náà, tí agbára wa kò ká, bí kò ṣe pé ilé àti ilé ìṣòwò ni wọ́n ń kà: wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ kan tí ó fi ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tó ìwọ̀n hàn, ẹni tí ó gba owó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi iye ilé ka Project Gigabit tirẹ̀.

Nàìjíríà ń ka kìlómítà, ó sì ń ka síìmù. Ìdá 44 tí NCC kéde kì í ṣe iye ènìyàn tàbí iye ilé. Iye ìlà fóònù tí ó ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì oníyára ni wọ́n pín pẹ̀lú iye ará ìlú, tí ó fi jẹ́ pé oníṣòwò kan ní Second Avenue tí ó ní síìmù mẹ́ta ti dá kún àṣeyọrí orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kìlómítà náà kò sì dúró bí wọ́n ti kà á. Nígbà tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, tí ó kọjá lẹ́nu Festac, ní ọdún 2009, iṣẹ́ ọ̀hún fi ọdún púpọ̀ wà lórí rẹ̀, katakata tí ó ń la ọ̀nà kì í sì í béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àṣẹ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2024 ti sọ òpó àti fáíbà di ohun ìní pàtàkì tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti bà jẹ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ òde àti NCC sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 2025 kí àwọn alágbàṣe ọ̀nà má baà máa gé okùn. Ó dára pé wọ́n ṣe é. Ó yani lẹ́nu pé ó gba irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kí apá ìjọba kan tó sọ fún apá kejì ibi tí ó fẹ́ gbẹ́.

Lára ìlérí ètò tuntun náà ni pé yóò dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ní ọdún 2025, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn, tí NIGCOMSAT, ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì ìjọba, wà nínú rẹ̀, láti fi íntánẹ́ẹ̀tì sí sẹkiteríàtì àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà. Sẹkiteríàtì Amúwò-Ọ̀dọ̀fin wà ní 41 Road, nínú Festac. Ọjọ́ tí okùn bá dé ibẹ̀, nínú ìwé Àbújá, a ti so Amúwò-Ọ̀dọ̀fin pọ̀; Tomaro àti Sagbokoji náà yóò sì wà nínú iye tí wọ́n kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n nílò kì í ṣe fáíbà tí wọ́n ri lábẹ́ títì bí kò ṣe òpó kan tí ó ń gba ìgbì láti òdìkejì omi, pẹ̀lú iná oòrùn tí yóò gbé e ró, nítorí pé ríru epo dísẹ́ẹ̀lì kọjá omi lọ fún jẹnẹrétọ̀ lè gba gbogbo owó tí òpó náà bá pa. Iṣẹ́ irú òpó bẹ́ẹ̀ kò tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ 90,000 kìlómítà, àpò USPF sì ni òfin ọdún 2003 ti là sílẹ̀ fún un, bí àwọn tí ó ń ṣe àkójọ ìgbèríko bá lè gbà pé ìgbèríko wà nínú Èkó. Ti Festac yàtọ̀: ibẹ̀, ohun tí ó kù ni kí FHA, LASIMRA àti ìjọba ìbílẹ̀ fi ìwé àṣẹ kan rọ́pò mẹ́ta, kí ìwé àdéhùn Project BRIDGE sì sọ iye ilé tí ilé-iṣẹ́ tí ó bá gba owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó san ìpín owó tí ó kẹ́yìn fún un.